Kíláàsì inú WhatsApp: kí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ń kọ́ ọmọ ìlú l'Ékìtì, kí ló sì dé tí awuyewuye fi ń bá a?

Bí ọlidé gígùn bá ti ń sún mọ́lé, tàbí tí ìyanṣẹ́lódì bá fẹ́ ti ilé ìwé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gbérí láàárín àwọn òbí àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú káàkiri Èkìtì: ṣé kí àwọn ọmọ wa tó wà ní fásitì tún máa kọ́ àwọn àbúrò wọn lórí fóònù, bí wọ́n ti ṣe nígbà Kòrónà? Àwọn kan á ní kò sóhun tó dáa tó o. Àwọn kan á ní dátà lásán ló ń jẹ, ọmọ ò kọ́ nǹkan kan. Ẹlòmíràn á ní òfin ò gbà á, ẹlòmíràn á ní ewu ni fún ọmọbìnrin. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jiyàn yìí kì í sábà dá lórí ohun kan náà, nítorí náà ó yẹ ká tú u kalẹ̀.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi dé Èkìtì: ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ni ìjọba ìpínlẹ̀ kéde ẹni àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ni iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ìwé tì. Nígbà tí oṣù náà fi máa parí, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ti kéde kónílé-ó-gbélé kárí ìpínlẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé ni pé ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ti wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì kí àrùn tó ti ilé ìwé. Ti ìkìlọ̀, ọlọ́sẹ̀ méjì, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta; ó di aláìlọ́jọ́ ní ọjọ́ 23, lórí ọ̀rọ̀ IPPIS tí ìjọba fẹ́ máa fi san owó oṣù wọn àti àwọn àdéhùn tí ìjọba kò mú ṣẹ. Oṣù Kejìlá ni wọ́n tó dá a dúró. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ìjọba tó wà nílé bàbá rẹ̀ ní Ìjerò tàbí Ìkọ̀lé kò ní kíláàsì tirẹ̀ tó ń ṣe, kódà lórí ayélujára. Ó ní fóònù, ó ní àkókò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́sàn-án tó fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn fásitì aládàáni kan ń bá ẹ̀kọ́ tiwọn lọ lórí ayélujára ní tiwọn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ọmọ ibẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ́ni.

Àwọn ọmọ SS 3 ló wà lójú iná. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ni wọ́n ṣí ilé ìwé fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ọjọ́ 17 oṣù kan náà ni WAEC bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 13 péré. Ẹni tí kò bá ka nǹkan kan láti oṣù Kẹta, kò sí olùkọ́ tó lè fi ọjọ́ 13 kọ́ ọ já. Ibi tí ètò ọ̀dọ́ ìlú ti rí iṣẹ́ ṣe gan-an nìyẹn.

Ṣé ètò ìjọba ni?

Rárá. Ohun mẹ́ta ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún 2020, wọ́n sì máa ń dà á pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀: olùkọ́ ìjọba ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń gbọ́, kò sí ààyè láti béèrè nǹkan. Ìkejì ni kíláàsì tí àwọn ilé ìwé aládàáni ń ṣe fún ọmọ tiwọn, tí òbí ń sanwó fún. Ìjà owó ilé ìwé inú kónílé-ó-gbélé, ibẹ̀ ló ti wá. Ìkẹta ni èyí tí à ń sọ. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ìlú ló máa ń dá a sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ló sì ń kọ́ni.

Bí òbí kan bá ní wọ́n gbowó lọ́wọ́ òun, kí ẹ béèrè bóyá ìkejì ló ń sọ.

Kí ló dé tí wọn ò fi Zoom ṣe é?

Owó dátà ni. Kíláàsì Zoom tí èrò wà nínú rẹ̀, tí fídíò sì ṣí, a máa jẹ tó 1GB ní wákàtí kan, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí kan lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, 20GB nìyẹn lóṣù fún ọmọ kan. Lọ́dún 2020, nǹkan bíi ₦1,000 ni wọ́n ń ta 1.5GB olóṣù kan. Ìyá ọmọ tó bá ń rà á ní kékeré-kékeré bẹ́ẹ̀ á ná ju ₦13,000 lọ, nígbà tó jẹ́ pé ₦30,000 ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin. Ẹ sì wá rántí pé ọjà ò ná nígbà yẹn, mọ́tò ò rìn.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ nínú WhatsApp, bó bá gùn tó ìṣẹ́jú márùn-ún, nǹkan bíi 1MB ni. Fọ́tò tí WhatsApp ti fún pọ̀ sábà máa ń wà láàárín 100KB sí 200KB. Ẹ̀kọ́ kan tó ní ohùn ìṣẹ́jú 15 àti fọ́tò mẹ́rin kò tó 5MB. Ogún irú rẹ̀ lóṣù kò tó 100MB. Dátà tí ọmọ kan fi ń ṣe Zoom lóṣù tó fún igba ọmọ lórí WhatsApp. Àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tún ń ta dátà tó jẹ́ ti WhatsApp nìkan ní owó pọ́ọ́kú, fóònù ọ̀pọ̀ òbí sì ti ní WhatsApp lórí tẹ́lẹ̀.

Zoom ọ̀fẹ́ tún máa ń já lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Àti pé gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lákòókò kan náà, ohun tí iná mànàmáná BEDC kì í fara mọ́. Ní ti WhatsApp, ẹ̀kọ́ á dúró de ẹni tó bá pẹ́ dé.

Báwo ni kíláàsì kan ṣe ń lọ gan-an?

Aago méje alẹ́ sí mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ ètò máa ń mú, torí fóònù bàbá tàbí ìyá ni ọmọ ń lò, ìgbà yẹn ni wọ́n ń ti oko àti ọjà dé. Ẹni tó ń kọ́ni kì í dúró di aago méje kó tó fi nǹkan sínú gúrúùpù. Dátà òru, èyí tó ń ṣiṣẹ́ láti aago méjìlá òru, ló fi máa ń gbé gbogbo rẹ̀ sókè sílẹ̀ de àwọn ọmọ.

Kókó kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ kan ń gbé. Ká mú ìṣirò èlé. Ẹnì kan yá ₦5,000 nínú owó àlájẹṣẹ́kù, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ọdún méjì ni yóò fi san án. Olùkọ́ á kọ iṣẹ́ náà sórí ìwé tí kò ní ìlà, pẹ̀lú báírò dúdú, lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà, àpẹẹrẹ kan sí ojú ìwé kan. Á wá fi lẹ́tà sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan: A ni owó tí wọ́n yá, B ni ìdá èlé, D ni ọdún, E ni 5,000 × 10 × 2 tí a fi 100 pín, Ẹ ni ìdáhùn, ₦1,000. Lẹ́tà yìí ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ọmọ kò rí ìka olùkọ́ tó ń tọ́ka sí nǹkan. Bí ohùn bá sọ pé “ẹ wo ibí yìí,” kò síbi tí ọmọ yóò wò. Bó bá sọ pé “ẹ wo ìlà E,” ó yé e.

Ojú ọ̀sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni wọ́n ń ya fọ́tò náà, fóònù á dúró gangan lókè ìwé, wọn ò ní tan fíláàṣì. Fọ́tò alẹ́, tí òjìji ọwọ́ ti bo ìdajì rẹ̀, ló máa ń mú ọmọ ka 6 sí 8.

Lẹ́yìn náà ni ohùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni kó pọ̀ jù, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á sì sọ nọ́ńbà rẹ̀: “Ẹ̀kọ́ kẹrin, ohùn kejì nínú márùn-ún.” Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ti dúró, ọmọ lè gbọ́ ohùn kẹrin kí ìkejì tó wọlé, nígbà náà ni yóò ní olùkọ́ kò mọ ohun tó ń sọ. Àtọmọdé àtàgbà ló máa ń fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ìṣẹ́jú 12. Bí irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá já ní ìdajì, ọmọ lè ní láti tún un gbà látìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà ẹ̀kọ́, alámòójútó nìkan ni gúrúùpù ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bó bá parí, wọ́n á ṣí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ìbéèrè. Iṣẹ́ àṣetiléwá gbọ́dọ̀ wọlé kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì tó lù. Olùkọ́ á fi pupa samì sórí fọ́tò náà nínú fóònù, á dá a padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń kùnà ni àmì yìí. Nígbà náà, gúrúùpù WhatsApp ń gba ẹni 256 (1,024 ni báyìí), nítorí náà ẹgbẹ́ ìlú á kó gbogbo ọmọ jọ sínú ẹyọ kan. Iṣẹ́ ọmọ kan ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọmọ 15, wákàtí kan nìyẹn. Ọmọ 100, ẹnikẹ́ni ò ní samì kankan, láàárín ọ̀sẹ̀ kejì àwọn ọmọ á ti mọ̀, wọ́n á sì dákẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi ọmọ 12 sí 15 sí gúrúùpù kan, olùkọ́ méjì: ọ̀kan ń kọ́ni, ọ̀kan ń samì.

Èdè wo ni wọ́n fi ń kọ́ wọn?

Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ìlú yẹn ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣàlàyé, lẹ́yìn náà wọ́n á tún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ìwé ìdánwò sọ lẹ́ẹ̀méjì, torí Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC fi ń béèrè. Àwọn òbí kan kò fẹ́ èyí. Wọ́n ní ilé ni ọmọ ti ń gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló kù kó gbọ́. Àwọn tó ń kọ́ni ní ohùn lásán, láìsí ojú, le tó fúnra rẹ̀. Bí a bá tún wá fi èdè tí kò dá ọmọ lójú lé e, kò ní sí nǹkan tó máa wọlé.

Kí ló máa ń bà á jẹ́?

Òkè, lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ wo Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Òkèmẹ̀sí àti agbègbè Ìkògòsì: òkè ló yí wọn ká, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lódì kejì òkè kò sì lè ta agbára rẹ̀ já inú àfonífojì. Fóònù tó ń fi 4G hàn lójú títì á padà sí “E”, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ tó lọ́ra gan-an, bí ọmọ bá wọ yàrá. Lórí “E” yẹn, ọ̀rọ̀ kíkọ á wọlé, ohùn á fà wọlé, fọ́tò ni kò ní wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ìbéèrè náà ní ọ̀rọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Iná ìkejì. Nígbà kónílé-ó-gbélé, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń bá èèyàn ṣáájì fóònù tì. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, fóònù kú, ọmọ sì jáde kúrò nínú kíláàsì láìsọ. WhatsApp kì í tọ́jú ohun tí kò tíì dé ọwọ́ èèyàn ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá kú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn ti lọ, àfi kí olùkọ́ tún un fi ránṣẹ́.

Fóònù tó kún náà wà níbẹ̀. Bí WhatsApp bá ń fúnra rẹ̀ gba gbogbo fọ́tò àti fídíò láti gúrúùpù ẹbí àti ti ìjọ wọlé, kò ní sí ààyè fún ẹ̀kọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n kọ́ òbí ni bí a ṣe ń pa gbígbà fúnra rẹ̀ yẹn.

Àwọn ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n á fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ pé àwọn ti gbọ́, láì tẹ ohùn kankan. Olùkọ́ tó gbọ́n á fi nọ́ńbà kan pamọ́ sáàárín ohùn kẹta, á ní kí kálukú kọ ọ́ sókè iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìdáhùn sínú gúrúùpù, àwọn mẹ́rìnlá yòókù á dà á kọ. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí iye owó inú ìbéèrè yàtọ̀ láti ọmọ dé ọmọ: ẹni àkọ́kọ́ nínú orúkọ lo ₦5,100, ẹni kejì ₦5,200, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé tó jẹ́ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì nìkan ló ní ń kọ́? Ìpè àpapọ̀ ni wọ́n ń lò: ẹnì kan lè so nǹkan bí ẹni márùn-ún pọ̀ lórí ìpè kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó pè ló ń sanwó ìpè kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ṣé òfin gbà kí ẹni tí kì í ṣe olùkọ́ máa kọ́ ọmọ?

TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ti wà lábẹ́ òfin láti 1993. Ìjọba àpapọ̀ sì ti fi ìparí ọdún 2019 ṣe gbèdéke fún àwọn olùkọ́ tí kò kúnjú òṣùwọ̀n, oṣù díẹ̀ kí ilé ìwé tó tì, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbóná nígbà náà. Àwọn tó di òfin yìí mú ní bí a bá ń lé olùkọ́ tí kò níwèé kúrò nílé ìwé, kí ló dé tí a ó fi ọmọ lé ọmọ ọdún 19 lọ́wọ́ lórí fóònù? Wọ́n ń bẹ̀rù pé ọmọ lè kọ́ ọ̀nà tí kò tọ́, kí olùkọ́ gidi wá máa yọ ọ́ lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìdáhùn àwọn tó wà lódì kejì ni pé òfin iṣẹ́ ni, ti àwọn tó ń fi olùkọ́ ṣe iṣẹ́ oojọ́. Ẹ̀gbọ́n tó ń ran àbúrò lọ́wọ́ pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá kò sí nínú rẹ̀, ètò yìí kì í fúnni níwèé ẹ̀rí, kì í sì í dípò ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ ìlú yanjú rẹ̀ báyìí: olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi ṣe olórí ètò, òun ló ń wo ìlànà ẹ̀kọ́, tó sì ń gbọ́ ohùn kí wọ́n tó gbé e sókè.

Ta ló ń ṣọ́ ọmọ?

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣáájú nìyí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló sábà máa ń kángun sí. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ọmọdé ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ SS 3 kò tíì pé e. Gúrúùpù WhatsApp ń fi nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ han ara wọn. Ọmọbìnrin ọdún 15 tó fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wọlé ti fi í lé gbogbo wọn lọ́wọ́ nìyẹn, àti ẹni tó ń kọ́ni, àti ẹ̀gbọ́n ẹni tó ni fóònù tí ọmọ mìíràn ń lò.

Àwọn kan ń fi àkójọ ìránṣẹ́ (“broadcast list” inú WhatsApp) dípò gúrúùpù, torí kò ní fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni han ẹlòmíràn. Ó ní àléébù méjì: ẹni 256 ló mọ, kò sì ní dé ọwọ́ ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà olùfiránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Òbí á máa sọ pé “kò dé” títí, àìtọ́jú nọ́ńbà ló fà á.

Àwọn ìlànà tí ètò tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀ ń lò kò pọ̀: nọ́ńbà òbí nìkan ló ń wọlé, olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, iṣẹ́ ọmọ ń lọ sí nọ́ńbà olórí ètò, òun ló ń pín in fún àwọn tó ń samì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé fọ́tò ojú ọmọ síta láti fi polówó ètò. Láti 2023 tí òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti jáde, gbígba àṣẹ òbí kí a tó gba ìsọfúnni ọmọ ti di dandan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí lásán mọ́.

Ìjọba ò ṣe nǹkan kan sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?

Ó ṣe. Ní oṣù Karùn-ún 2020, Fáyẹmí fọwọ́ sí àṣẹ tó dín owó tí iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń san kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà ri wáyà kù, láti ₦4,500 sí ₦145. Èrò ibẹ̀ ni pé bí rírì wáyà mọ́lẹ̀ bá rọrùn, íntánẹ́ẹ̀tì á dé ìlú púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wáyà abẹ́ ilẹ̀ ń gba ọdún, kò lè ran ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC lóṣù Kẹjọ lọ́wọ́. Ibi tí èrò kò bá sì pọ̀ sí, owó kọ́ ló ń dá iléeṣẹ́ náà dúró nìkan. Wọn ò rí ẹni tó pọ̀ tó tí yóò ra dátà lọ́wọ́ wọn.

Ta ni yóò máa sanwó rẹ̀ báyìí?

NCC, àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀, gba àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láyè ní oṣù Kìíní 2025 kí wọ́n fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, èyí ló mú kí àwọn òbí tún máa béèrè. Pẹ̀lú bẹ́ẹ̀, 100MB lóṣù kò lè ba ilé jẹ́. Ti olùkọ́ náà kò pọ̀: fọ́tò iṣẹ́ ọmọ 15, méjì-méjì, fún ogún ọjọ́, nǹkan bíi 90MB ni.

Àkókò ló wọ́n. Ẹ̀kọ́ kan tó dáa ń gba wákàtí méjì láti pèsè, wákàtí kan ní alẹ́, wákàtí kan láti samì. Lọ́dún 2020 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní i, nítorí àrùn àti ASUU. Nígbà tí fásitì ṣí lọ́dún 2021, wọ́n padà sí Ọ̀yẹ́, sí Adó, sí ìlú mìíràn, ọ̀pọ̀ gúrúùpù sì dákẹ́ láìsí ẹni tó tì í.

Ìmọ̀ràn méjì ló wà nílẹ̀ lórí èyí. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú kan fẹ́ máa fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní owó dátà àti owó díẹ̀ lóṣù. Àwọn tó takò ó ní bí owó bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ TRCN á di gidi. Àwọn mìíràn fẹ́ kí àwọn fásitì tó ń kọ́ni níṣẹ́ olùkọ́, bíi EKSU ní Adó àti BOUESTI ní Ìkẹ́rẹ́, ka wákàtí rẹ̀ mọ́ TP (ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́) tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó gboyè. Àtakò ti ibẹ̀ ni pé TP nílò alábòójútó tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tó ń wo bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń darí ọmọ, tó sì ń fún un ní máàkì lójú ẹsẹ̀. Bí TP bá máa wọ inú WhatsApp, fásitì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí alábòójútó náà yóò máa wò nínú ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta àti fọ́tò mẹ́rin, àti iye máàkì tó wà fún un.